Táyà òtútù kì í ṣe àìnígbàgbọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Winnipeg àti káàkiri Canada! Ọ̀rọ̀ táyà ni mo bá wá lónìí, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Arákùnrin kan sọ fún mi ní Sunday pé, "Daddy, mi ò lè kó 1,000 dọ́là lé táyà tí mo máa lò fún oṣù díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ti bo mọ́tò mi." Mo ní àmín. Àmọ́ èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń ti àìsùn bọ̀, mo tẹ búréèkì ní oríta títí, mọ́tò ò dúró! Òkìtì yìnyín ló gbà mí. Òróró àdúrà wà nínú mọ́tò o.

Kì í ṣe ogun ayé. Bí ojú ọjọ́ bá ti lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 7 Celsius, rọ́bà táyà ìgbà ooru máa ń le, kì í di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́. Ti ìgbà òtútù ṣì máa ń rọ̀. Ní Quebec, òfin ni, láti December 1 sí March 15.

Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ owó? Bí ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́, èkejì ń sinmi, kò ní tètè jẹ. Ẹ ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin o. Bẹ́ ẹ bá ra méjì fún iwájú, ẹ̀yìn á máa yọ̀.

Sátánì ní kí Jésù bẹ́ láti orí tẹ́ńpìlì, Jésù ò bẹ́. Kí ló dé tí àwa ń bẹ́?

Ẹ fi owó aṣọ ẹbí Kérésì yìí ra táyà. Ẹni tí ò bá ní, kó wá rí mi lẹ́yìn ìsìn, a jọ máa wá a. Mi ò fẹ́ sìnkú ẹnikẹ́ni nínú yín.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé.