Inú Kíláàsì Ni Kí A Ti Ṣe Àṣìṣe



Àwọn òbí kan ní Ganhi ń bínú sí àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ní bí ọmọ bá ti jókòó ti kọ̀ǹpútà, kì í fẹ́ dìde mọ́. Kí ni ó ń ṣe níbẹ̀? Ó ń fi ọkọ̀ òfurufú ogun balẹ̀ sórí ọkọ̀ ojú omi, nínú eré. Ọkọ̀ náà já sómi. Ọmọ tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún já sómi. Àwọn òbí ní eré òfo ni. Mo gbà pé eré tí kò ní àkókò máa ń ba iṣẹ́ ilé jẹ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀, ọgbọ́n náà sì kan àwa àgbà tí a ń kọ́ ìwé lálẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà. Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá kan ní ọkọ̀ ojú omi tí ó ń gbé ọkọ̀ òfurufú. Tiwa kò ní. Faransé ní ọ̀kan, Charles de Gaulle ni orúkọ rẹ̀. Ó gùn tó mítà 261. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà nítòsí èbúté ti rí ọkọ̀ ojú omi ńlá. Ẹ fojú inú wò ó pé wọ́n tẹ́ òkè ọkọ̀ náà pẹrẹsẹ bí títì ọlọ́dà, kí ọkọ̀ òfurufú lè balẹ̀ síbẹ̀. Títì tí bàálù ń sáré lórí rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Kútọnu gùn tó mítà 2,400. Lórí ọkọ̀ ojú omi, nǹkan bí mítà 100 ni ọkọ̀ òfurufú ogun ní láti fi dúró. Bẹ́ẹ̀ ni eré tí ó bá dé ibẹ̀ ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan.

Báwo ni ó ṣe ń dúró? Wọ́n na okùn irin sí ìbú òkè ọkọ̀ náà. Ìkọ́ irin wà ní ìdí ọkọ̀ òfurufú. Ìkọ́ yìí ni yóò mú okùn, okùn yóò sì fà á dúró. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfurufú bá ti kanlẹ̀, awakọ̀ kì í dín agbára ẹ̀rọ kù. Ńṣe ni ó ń fi gbogbo rẹ̀ sí i. Ìdí ni pé bí ìkọ́ kò bá mú okùn, ó ní láti tún fò lọ lójú ẹsẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò já sínú òkun.

Ta ni yóò fẹ́ kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí òkun ní ọjọ́ àkọ́kọ́? Eugene Ely, ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ òfurufú balẹ̀ sórí ọkọ̀ ojú omi, ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1911. Okùn tí wọ́n so àpò iyanrìn mọ́ ni ó dá a dúró. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè fi kọ́ ọ kí ó tó lọ. Orí bá a ṣe é ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú, níbi tí ó ti ń fò fún àwọn òǹwòran.

Ní 1929, Edwin Link, tí bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ dùùrù, ṣe ọkọ̀ òfurufú kan tí kì í fò. Ẹwìrì tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú dùùrù ni ó fi ń mì ín sọ́tùn-ún sósì. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ kà á sí ohun ìṣeré. Ní 1934, àwọn ológun Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ gbígbé lẹ́tà lójú òfurufú. Láàárín oṣù díẹ̀, awakọ̀ tí ó lé ní 10 kú, ọ̀pọ̀ wọn nítorí ojú ọjọ́ tí kò dára. Nígbà náà ni wọ́n ra mẹ́fà nínú ẹ̀rọ Link. Ohun ìṣeré di olùkọ́.

Lónìí, irú ẹ̀rọ ìdánrawò bẹ́ẹ̀ wà ní Áfíríkà. Ó wà ní Zaria ní Nàìjíríà, ó wà ní Addis Ababa ní Etiópíà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí awakọ̀ ṣe àṣìṣe níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní kú. Bí ó bá ṣì í, olùkọ́ yóò dá ẹ̀rọ dúró, yóò fi àṣìṣe hàn án, yóò ní kí ó tún un ṣe. Èmi kò rí ìyàtọ̀ láàárín èyí àti sílétì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an nìyí. Mo máa ń rí àgbàlagbà tí kì í fẹ́ jáde wá kọ̀wé sójú pátákó. Ẹ̀rù ń bà á pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò rí i pé ó ṣì í. Ó ń fi ọwọ́ bo ìwé rẹ̀. Lọ́la, ẹni yìí kan náà yóò lọ yá owó. Wọn yóò gbé ìwé fún un, yóò sì tẹ ìka sí ohun tí kò lè kà. Òkun nìyẹn. Àṣìṣe ibẹ̀ lè kó ọjà lọ, ó lè gba ilẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá sì ń fi ìyá ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí lẹ́tà kan, ó ti ba ẹ̀rọ ìdánrawò jẹ́.

Ẹnìkan lè sọ pé kíláàsì kì í ṣe ọjà, ẹ̀rọ kì í sì í ṣe òkun. Òótọ́ ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ìpele kan sáàárín. Lẹ́yìn ẹ̀rọ, wọ́n ń kun àmì òkè ọkọ̀ ojú omi sórí pápákọ̀ òfurufú. Awakọ̀ yóò máa balẹ̀ síbẹ̀ léraléra kí ó tó lọ sójú òkun. Ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn sílétì, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó jẹ yín lówó sínú ìwé kékeré. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àwọn ilé ìtajà. Ẹ mú ìwé báńkì kan wálé, kí ẹ fi dánra wò. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí báńkì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nǹkan kan tún wà tí ẹ̀rọ ìdánrawò kò lè ṣe. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2003, bàálù Boeing 727 kan tí ó ń lọ sí Bẹ̀rútì gbéra ní Kútọnu níbí. Kò lè gòkè bí ó ti yẹ. Ó kọlu ilé kékeré kan lẹ́yìn ìparí títì, ó sì já sí etí òkun. Ènìyàn tí ó lé ní 130 kú, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Lẹ́bánónì. Àwọn tí ó wádìí rẹ̀ rí i pé ẹrù inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ìwúwo náà sì tẹ̀ síwájú. Àwọn awakọ̀ kò mọ bí ó ti rí gan-an. Bí iye tí a fún awakọ̀ kò bá jẹ́ òótọ́, ìdánrawò rẹ̀ kò lè gbà á. Ẹni tí ó wọn ẹrù, tí ó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, ń gba ẹ̀mí là bí awakọ̀ ṣe ń gbà á.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹ bi ọmọ tí ń ṣeré náà pé, "Kí ni o ṣì ṣe tí ó fi já?" Bí ó bá lè ṣàlàyé, ó ń kọ́ nǹkan. Bí kò bá lè ṣàlàyé, kí ó pa kọ̀ǹpútà, kí ó lọ sùn. Ní tiyín, ẹ jáde wá sójú pátákó lálẹ́ òní. Bí ẹ bá ṣì í, a ó pa á rẹ́, ẹ ó sì tún un kọ. Ṣọ́ọ̀kì ṣì kù.