Ẹsẹ̀ Àkọ́kọ́

Ajégúnlẹ̀ létí Àpápá ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ìyá mi ń ta ata ní ọjà Bọ́ńdìrì, wọn kì í sì í gbà kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára kọ́kọ́ yà sí ìsọ̀ wọn láàárọ̀. Ó ṣeni láàánú pé èmi ọmọ wọn ni olórí irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀! Àbúrò mi ló ní ẹsẹ̀ ajé. Èmi a dúró lókèèrè títí wọn yóò fi tajé àárọ̀.

Nígbà tí mo dé Glasgow, ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, tí àwọn ará Scotland ń pè ní Hogmanay, ìyá àgbà kan tí ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n bẹ̀ mí pé bí aago méjìlá bá ti lù (fèrè ọkọ̀ òkun ló ń sọ èyí fún wa ní Àpápá), kí n jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò wọ ilé wọn. Ọkùnrin onírun dúdú ni àṣà náà ń fẹ́, kí ó mú èédú dání. Onírun pupa kò gbọdọ̀ ṣáájú. Àní, "ẹsẹ̀ àkọ́kọ́" gan-an ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Tirun tara ni mo fi dúdú wọlé, wọ́n sì fi wiskí gbà mí.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwa ọ̀mọ̀wé tí ń pe èrò ìyá mi ní àìlajú náà ni a ń ya fọ́tò níbi Hogmanay, tí a ń pè é ní àṣà.

Mo tẹ ìyá mi láago pé Òyìnbó ti fi wiskí yẹ́ ẹsẹ̀ mi sí. Wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n kí n má tíì gbé e dé ìsọ̀ àwọn.