Fáìlì Ìṣẹ́yìn Kò Sọnù



Mo ń kó ọ̀rọ̀ nípa àwọn ìlú Òkè-Ògùn jọ sínú ìwé kan. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀, orúkọ ìlú náà sì ni fáìlì ń jẹ́. Ìwé àgbà kan ló ń pè wọ́n wọlé nínú Org, ohun èlò ìkọ̀wé inú Emacs. Nígbà tí mo fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ jáde, Òkèhò jẹ́ ìpè, Ìgbòho náà jẹ́. Ó kan Ìṣẹ́yìn, kọ̀ǹpútà fárígá: kò rí fáìlì náà. Bẹ́ẹ̀ mo ń fi ojú ara mi rí i! Gbogbo ohun tí mo kọ nípa àwọn ahunṣọ òfì ló wà nínú rẹ̀. Mo yọ Ìṣẹ́yìn kúrò, Ṣakí tún dá iṣẹ́ dúró.

Ọ̀rẹ́ kan ní kí n yọ àmì kúrò lára orúkọ àwọn fáìlì, kí n sinmi. Mo kọ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ lára orúkọ lónìí, inú ìwé ni yóò ti yọ ọ́ lọ́la.

Àmì kọ́ ló ṣẹ̀. Nínú Unicode, ọ̀nà méjì ni a lè gbà kọ “ṣ”: ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1E63, a sì lè tẹ “s” lásán, kí a fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, tẹ̀ lé e. Lójú ènìyàn, ìbejì ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, wọn kò bára tan. “Ẹ́” tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo rárá. Linux, tí mo ń lò, kì í sì í tún orúkọ fáìlì ṣe: bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ń fi í pamọ́. Kíbọọ̀dù méjì ni mo lò, wọn kò sì ṣọ̀kan lórí àmì ìsàlẹ̀. Òkèhò àti Ìgbòho kò ní i, ni wọ́n ṣe bọ́.

Àṣẹ yìí ló tún orúkọ àwọn fáìlì ṣe:

convmv -f utf8 -t utf8 --nfc --notest *.org

Mo wá fi uconv -x any-nfc tún inú ìwé àgbà ṣe. Ẹ ṣọ́ra o: ẹni tó bá ń fi ìlà kékeré, U+0329, sábẹ́ lẹ́tà, ọwọ́ ni yóò fi pààrọ̀ rẹ̀, nítorí NFC kò ka òun àti U+0323 sí ọ̀kan náà.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn tó ń ṣe kíbọọ̀dù Yorùbá ni pé kí wọ́n máa sọ èyí tí tiwọn ń tẹ̀ jáde. Ìwé mi ti jáde báyìí, Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì wọn.