Ta Ló Ń Bá Ará Sàngó Ọ̀tà Sọ̀rọ̀ Nípa Oògùn?

Ẹ dúró sábẹ́ afárá Sàngó Ọ̀tà nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bá ṣíwọ́, kí ẹ tẹ́tí sí àwọn tó ń kiri oògùn. Yorùbá wọn já geere: "Inú rírun ni o, ìgbẹ́ gbuuru ni o, Flagyl méjì péré!" Kò sí ẹni tí kò yé.

Ẹ wá gba páálí oògùn náà, kí ẹ wo ìkìlọ̀ ara rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀. Ẹni tó ń tà á ń sọ Yorùbá. Ẹni tó yẹ kó kìlọ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni ẹ rò pé ará Sàngó máa gbọ́ tirẹ̀?

Flagyl kì í ṣe oògùn inú rírun lásán. Metronidazole ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ní 1962, oníṣègùn eyín kan ní London, David Shinn, ṣàkíyèsí pé obìnrin kan tó ń lò ó fún àìsàn ojú ara rí ìwòsàn fún èrìgì rẹ̀ náà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ó ń pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́. Inú ìfun wa ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ní ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá lanu, aláǹgbá á ráyè wọ̀ ọ́. Bí táífọ́ọ̀dù bá dá ìfun lu, tàbí tí ilé-ọmọ bá kẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n lè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ náà, metronidazole wà lára oògùn tí dókítà máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Bí kòkòrò náà bá ti mọ́ ọn lára ńkọ́? Oògùn tó kù lè wọ́n gan-an.

Ìlòkulò ló ń fà á: kòkòrò tí kò lágbára á kú, alágbára á ṣẹ́ kù, á sì máa bí sí i. Ní 2019, ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ pa káàkiri àgbáyé. Bí a bá fi wé iye ènìyàn, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló burú jù.

Àwọn kan á ní owó ni ìṣòro, kì í ṣe èdè. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gba owó ojúmọ́ ní ilé-iṣẹ́ irin, bó bá lọ jókòó sí ọsibítù, owó ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé àìlówó ló ń mú ìyá ra Ampiclox fún ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn? Owó ló fi rà á! Kò sẹ́ni tó sọ fún un lédè rẹ̀ pé kò kan ọ̀fìnkìn rárá.

Ní Ọ̀tà yìí náà ni wọ́n ti ń ṣe oògùn; ilé-iṣẹ́ May & Baker wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni òfin NAFDAC béèrè lára páálí. A fẹ́ kó béèrè Yorùbá, Haúsá àti Ígbò pẹ̀lú. Ẹni tí kò lè kà á, ọmọ rẹ̀ á kà á fún un.

Àwa náà jẹ̀bi. A ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtumọ̀, síbẹ̀ a ò tíì fẹnu kò sí orúkọ kan tí ìyá aláta lè fi pe irú oògùn yìí. Àwọn kan ń pè é ní "apakòkòrò", orúkọ kan náà tí à ń pe oògùn aáyán! Bí ẹ bá ní èyí tó dáa jù, ẹ mú un wá.

Kó tó dìgbà náà, gbólóhùn mẹ́ta la fẹ́ kí wọ́n kọ: Má lò ó bí dókítà ò bá ní kí o lò ó. Lò ó bó ṣe ní kí o lò ó. Kì í wo ọ̀fìnkìn.

Páálí wo ni kò lè gba ìyẹn?