Àdìrẹ Tí Kò Ní Aláró

Ẹni tó bá wọ ọjà Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta lónìí yóò rí àdìrẹ oríṣi méjì lórí àtẹ kan náà. Ọ̀kan ti agboolé aláró wá. Èkejì, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, pàápàá Ṣáínà. Ọnà ara wọn lè jọra débi pé ojú oníbàárà kò ní gbé ìyàtọ̀, aṣọ ẹ̀rọ sì dínwó gan-an. Àwọn tí inú ń bí sí i ń pariwo pé wọ́n jí àṣà wa. Lójú tèmi, ọnà kọ́ ni òfò tó dun ìlú jù, iṣẹ́ ni. Bí a kò bá tibẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà, ariwo àṣà tí à ń pa kò ní bọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Aládìrẹ yóò fi láfún se ẹ̀kọ, yóò pín ojú aṣọ funfun sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, yóò sì fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní í ráyè wọ̀ ọ́ dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ya ọnà kọ́ ló ń rẹ aṣọ. Aláró ló ni ìkòkò. Kí ìkòkò náà tó ṣeé lò, ẹnì kan ti já ewé ẹ̀lú, wọ́n ti gún un, wọ́n ti sù ú, wọ́n ti sá a gbẹ. Ẹlòmíràn ti sun igi di eérú, kí wọ́n lè fi omi sẹ́ ẹ. Amọ̀kòkò náà ti gba tirẹ̀. Nígbà tí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú aró, bí ewé tútù ló rí. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún yọ ọ́, títí yóò fi dúdú bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ha ẹ̀kọ kúrò, tí wọ́n á fi kùmọ̀ lu aṣọ kó lè dán. Owó ìró kan ṣoṣo ti kan ọ̀pọ̀ ilé kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ kò kan ju ẹni tó kó o wọlé àti ẹni tó pàtẹ rẹ̀ lọ.

Àwọn kan á ní ṣebí àdìrẹ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti ilé pátápátá. Òótọ́ ni. Aṣọ funfun láti Manchester ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ń rẹ nígbà tí òwò náà gbilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò Sẹ̀nẹ̀gàl. Wọ́n tún gba sódà àti aró òyìnbó mọ́ra. Nígbà tí Aláké, ọba Ẹ̀gbá, àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ fòfin de méjèèjì, àwọn aláró ta kò wọ́n, ìjà náà sì le gan-an ní 1936. Ọnà pàápàá kì í dúró sójú kan. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó n'Íbàdàn wà lára ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ya ọba òyìnbó àti ayaba rẹ̀ sára aṣọ nígbà Júbílì 1935. Ṣùgbọ́n funfun ni aṣọ Manchester wọlé. Abẹ́òkúta ló sọ ọ́ di olówó iyebíye. Èyí tó ń wọlé báyìí ti parí kó tó kúrò nílé. Ẹ̀rọ lè ṣàdàkọ Ìbàdàndùn, àmọ́ ta ni yóò ya ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú tiwa bí aládìrẹ bá gbé ìyẹ́ jù sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ owó ló le jù nínú àríyànjiyàn yìí. Ẹni tí kò rówó oúnjẹ kò ṣeé bá wí pé ó ra aṣọ tó dínwó. N kò sì gbà pé òfin nìkan lè yanjú rẹ̀: ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de aṣọ títẹ̀ láti òkèèrè rí, àwọn onífàyàwọ́ kò sì dáwọ́ dúró. Àwọn tó ń ra aṣọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló kàn: ìdílé tó ń dá aṣọ ẹbí, ìjọ, ẹgbẹ́, ilé ẹ̀kọ́ àti iléeṣẹ́ ìjọba. Ìpinnu ẹyọ kan látọ̀dọ̀ wọn lè mú agboolé kan jẹun fún oṣù mélòó kan. Ní ti pé ọ̀dọ́ kò fẹ́ kọ́ ọ, ibi tí owó bá wà ni ọ̀dọ́ ń lọ. Wọn kò kórìíra iṣẹ́ náà: láti 1983 tí Nike Davies-Okundaye, aládìrẹ àti oníṣẹ́ ọnà, ti dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ l'Óṣogbo, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ ọjà fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé kí a kọ ọ́ sára aṣọ bóyá ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ ló ṣe é. Aṣọ ẹ̀rọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tó burú ni kí wọ́n tà á ní orúkọ aláró. Kí àwọn tó ń dá aṣọ ẹbí sì máa bi ẹni tó ń tà á léèrè pé: agboolé wo ló rẹ ẹ́? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ má san owó àdìrẹ fún un.