Kí Àgbà Tó Gbé Gòjé Kọ́

Ní ọdún 2023, wọ́n fi ẹ̀bùn Pulitzer ti orin, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀bùn tí ó níyì jù lọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dá Rhiannon Giddens àti Michael Abels lọ́lá nítorí eré olórin kan tí àwọn méjèèjì jọ ṣe. Omar ni orúkọ eré náà. Aláwọ̀ dúdú ni Arábìnrin Giddens. Ó ń ta bánjò, ó ń ta fáólìn tí í ṣe gòjé àwọn òyìnbó, ó ń kọrin, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń ṣẹ̀dá púpọ̀ nínú orin tí ó ń kọ. Americana ni wọ́n ń pe irú orin náà, nítorí pé orin ìgbèríko, orin blues, orin ìjọ àti orin àtayébáyé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó para pọ̀ sínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti yin obìnrin yìí nítorí ẹ̀bùn náà, àwa pẹ̀lú sì yìn ín. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀bùn ni ó yẹ kí a fi kọ́gbọ́n, bí kò ṣe àwọn alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ní ọdún 2005, nígbà tí òkìkí rẹ̀ kò tí ì kàn rárá. Ọ̀rọ̀ àwọn alẹ́ wọ̀nyí ni a fẹ́ sọ létí ẹ̀yin olùkọ́, àti létí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ máa ń sọ̀rọ̀ àṣà ní gbangba ìpàdé.

Ọdún 1977 ni wọ́n bí Arábìnrin Giddens ní ìlú Greensboro, ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Òyìnbó ni bàbá rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ni ìyá rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá péré ṣáájú ìbí rẹ̀, ní ọdún 1967, ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ pé kò sí ìpínlẹ̀ kan tí ó gbọdọ̀ fòfin de irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ orin ti Oberlin, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó kọ́ bí a ti ń kọ orin eré olórin ti àwọn ará Yúróòpù, ó sì jáde ní ọdún 2000. Ẹni tí ó kàwé orin tó bẹ́ẹ̀ lè wí pé òun kò tún ní olùkọ́ mọ́. Òun kò wí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2005, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó fẹ́ràn bánjò pé jọ sí ìlú Boone ní North Carolina. Ibẹ̀ ni Arábìnrin Giddens ti pàdé Dom Flemons àti Justin Robinson, ibẹ̀ náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti rí Baba Joe Thompson, ará ìlú Mebane. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni bàbá yìí nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àga àti tábìlì. Ọ̀dọ̀ bàbá tí ó bí i ni ó ti kọ́ fáólìn. Odell, ìbátan rẹ̀ tí ó máa ń bá a ta bánjò, ti kú láti ọdún 1994. Òun ni ó kù nílé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan ṣoṣo ni ó ṣì mọ orin náà bí àwọn aláwọ̀ dúdú agbègbè rẹ̀ ti ń ta á láti ìrandíran.

Láti ìgbà ẹ̀rùn títí wọ inú ìgbà ìwọ́wé ọdún náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta yìí ń lọ sí ilé bàbá náà ní Mebane. Kò sí pátákó ìkọ̀wé níbẹ̀, kò sì sí ìwé ẹ̀rí. Bàbá yóò ta á, àwọn ọmọ yóò gbè é. Bí wọ́n bá ṣì í, bàbá yóò tún un ta. Arábìnrin Giddens ni ó gba ipò Odell, tí ó ń fi bánjò tẹ̀lé fáólìn bàbá náà. Láti inú yàrá yẹn ni ẹgbẹ́ olórin Carolina Chocolate Drops ti jáde. Ní ọdún 2010 wọ́n gbé àwo orin Genuine Negro Jig jáde, ní ọdún 2011 wọ́n sì fi gba ẹ̀bùn Grammy. Ní oṣù kejì ọdún 2012, Baba Thompson kú ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Kò pé ọdún méje láti ọjọ́ tí wọ́n pàdé bàbá náà sí ọjọ́ tí ó kú. Bí àwọn ọ̀dọ́ yìí bá ti wí pé kí àwọn kọ́kọ́ là, kí àwọn kọ́kọ́ gbajúmọ̀, kí àwọn tó wá bàbá lọ, ibojì ni wọn ì bá bá. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Ṣùgbọ́n àgbà kì í jókòó títí ayé.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí ogún gbogbo ìran fi kù sọ́wọ́ arúgbó kan. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ bánjò ti wá: igbá tí a fi awọ bò, tí a sì so okùn mọ́. Títí di òní, àwọn ará Jola ní Senegal àti Gambia ń ta akonting, tí ó jọ ọ́ bí ìbejì. Bákan náà ni gòjé olókùn kan ti tàn káàkiri ilẹ̀ ọ̀dàn, láti Senegal títí dé ilẹ̀ Haúsá. Irú rẹ̀ ni ó wọ inú sákárà wa, tí Yusuf Olatunji sì fi dárà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà gbé fáólìn òyìnbó, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ta dé ibi pé àwọn ni ọ̀pọ̀ olówó wọn ń pè láti tà á níbi ijó.

Láti nǹkan bí ọdún 1840 ni àwọn òyìnbó òṣèré ti ń kun ojú dúdú, tí wọ́n ń gbé bánjò lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń fi ènìyàn dúdú ṣe ẹlẹ́yà lórí ìtàgé. Lẹ́yìn ọdún 1920, nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ aláwo bẹ̀rẹ̀ sí wá orin ìgbèríko kiri, wọ́n pín ọjà wọn ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà: àwo aláwọ̀ dúdú lọ́tọ̀, àwo òyìnbó ìgbèríko lọ́tọ̀. Wọ́n ka fáólìn àti bánjò sí ti òyìnbó, blues ni wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ onílé ṣe dàgbà, tí wọ́n rò pé ohun tí àwọn baba wọn mú wá jẹ́ ohun àjèjì, tàbí ohun ìtìjú.

Ìwà ìrẹ́jẹ ni èyí, a kò sì ní pè é ní orúkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n ìbínú nìkan kì í dá ogún padà. Ní ọdún 2017, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn olórin bluegrass ti gbogbo ayé pe Arábìnrin Giddens láti bá wọn sọ̀rọ̀, kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú wọlé. Ohun tí ó fi yé wọn ni pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni aláwọ̀ dúdú ti wà nínú ilé náà, pé ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò. Kò sì lé òyìnbó jáde. Ẹni tí ó ti jókòó ti Baba Thompson ni ó lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìgbọ̀n, nítorí pé ẹ̀rí wà ní ìka ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé kò sọ ìwé nù. Omar ibn Said, tí eré náà dá lé lórí, jẹ́ onímọ̀ Mùsùlùmí láti Futa Toro ní Senegal. Ọdún 1807 ni wọ́n kó o lẹ́rú dé Charleston, ní ọdún 1831 ó sì fi èdè Lárúbáwá kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀. Ní Charleston kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré Omar ní ọdún 2022. Ohun tí obìnrin yìí kọ́ ní Oberlin àti ohun tí ó kọ́ ní Mebane ni ó pàdé nínú iṣẹ́ yìí. Nítorí náà, ẹni tí ó ń wí pé ìwé ni ó ba àṣà jẹ́ ti ṣìnà. Ẹni tí ó sì ń wí pé àṣà wà fún àwọn tí kò kàwé ti ṣìnà jù ú lọ.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kù. Arábìnrin Giddens fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé òyìnbó ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó máa ń wá gbọ́ orin òun. Ẹ̀bùn kò lè dí àlàfo yẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ó pe àjọ̀dún Biscuits & Banjos sí ìlú Durham, kí àwọn ọmọ onílé lè wá rí ogún wọn, níbẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Carolina Chocolate Drops ti tún pé jọ. Àwọn adájọ́ lè fún ènìyàn ní ẹ̀bùn; àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ni ó lè gba ogún lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ máa ń pe onílù àti olórin sí ìpàdé yín, ẹ máa ń ná owó fún wọn. Lẹ́yìn tí a bá ti ka ìbò tán, ta ni nínú yín tí ó ń béèrè ilé ẹni tí ó kọ́ onílù náà? Bí ẹ bá wọ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ fi owó oṣù fún àgbà tí ó bá gbà láti kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Owó náà kò ní tó èyí tí ẹ fi ń tẹ àwòrán ojú yín.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni a gbójú lé jù. Ẹ pe àgbà ta-gòjé wá sí kíláàsì, kí ẹ sì san owó fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń gba owó tiyín. Ẹ rán àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àgbà kan ṣoṣo ní àkókò ìsinmi, kí wọ́n kọ́ orin kan tàbí oríkì kan títí tí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe kí wọ́n kàn fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n sì máa bọ̀. Ẹ má sì ṣe dúró de àṣẹ láti òkè. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ fún àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta yẹn kí wọ́n tó mú ọ̀nà Mebane pọ̀n ní Ọjọ́bọ̀.