Gáàsì Kì í Ṣe Búrẹ́dì

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ dákun, ẹ má pe Turkmenistan ní orílẹ̀-èdè olówó fún wa mọ́ nítorí gáàsì tó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀. Lóòótọ́, díẹ̀ ni orílẹ̀-èdè tí gáàsì wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ ẹ́? Láti 1993 ni ìjọba ti ń fún ará ìlú ní gáàsì, iná, omi àti iyọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó di 2019, ọ̀fẹ́ tán. Owó gáàsì ti já lulẹ̀ ní 2014, Rọ́ṣíà dáwọ́ rírà dúró ní 2016, ó wá ku Ṣáínà bí oníbàárà ńlá kan ṣoṣo. Ẹni tó ní oníbàárà kan ṣoṣo, ṣé òun ló máa dá iye lé ọjà ara rẹ̀ ni?

Síbẹ̀, ní Ashgabat tó jẹ́ olú-ìlú, ilé olókùúta mábù funfun 543 ni wọ́n kà ní 2013. Ní 2020, wọ́n gbé ère ajá aláwọ̀ wúrà dúró níbẹ̀. Ajá o! Ọdún yẹn náà ni àwọn èèyàn ń tò lórí ìlà nítorí búrẹ́dì. Mánáàtì 3.5 ni báńkì ìjọba ń pe dọ́là kan. Lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní kọ̀rọ̀, ó ju ìlọ́po mẹ́ta bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bèèrè: ta ló ń rí dọ́là báńkì yẹn gbà? Kì í ṣe ẹni tó ń tò fún búrẹ́dì.